Ọdún Mọ́kànlá, Mẹ́jọ, Márùn-ún, Mẹ́ta: Ohun Tí Òṣìṣẹ́ Mú Bọ̀ Láti 2024

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nìyí ní Ìbàdàn, níwájú àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, nígbà tí ọdún 2024 ń lọ sópin. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo kọ ọ́, àfi àwàdà méjì tí mo yọ torí wọn ò ní dùn lórí ìwé.

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́, mo júbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ gbé ọjọ́ Sátidé yín sílẹ̀ fún wa, ẹ ṣeun, mi ò ní dá yín dúró jù.

Orí fóònù ni alága ti bẹ̀ mí pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rí mú bọ̀ lọ́dún yìí nínú ìjà owó oṣù tó kéré jù lọ. Ìyàwó mi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Kí lẹ rí mú bọ̀? ₦70,000 tí kò lè ra àpò ìrẹsì kan?" Èsì kò wá sí mi lẹ́nu lọ́jọ́ náà. Mo ti wá rí i báyìí, ẹ̀yin ni mo sì fẹ́ kọ́kọ́ dán an wò lára kí n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Òfin tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin 2019, sọ pé owó oṣù tó kéré jù lọ jẹ́ ₦30,000, àti pé lẹ́yìn ọdún márùn-ún ni wọn yóò tún un gbé yẹ̀ wò. Ọdún márùn-ún náà kò tíì pé tí Ààrẹ Tinubu fi gbàjọba ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, tó sì kéde lọ́jọ́ náà gan-an pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Ìyókù, ẹ ò nílò kí n sọ ọ́ fún yín. Ẹni tó ń wọ mótò láti Mọ́níyà wá sí Dùgbẹ̀ lójoojúmọ́ mọ ohun tí ojú òun rí. Ìjọba àpapọ̀ fi ₦35,000 tu àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ nínú fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn àdéhùn ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá ọdún náà. Àwọn tí mo fi sílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́ nípa owó náà lórí rédíò.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní 2024 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́tàdínlógójì kalẹ̀ l'Ábújá. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ náà ní, bí ààrò: ìjọba, àwọn agbanisíṣẹ́ aládàáni, àti àwa òṣìṣẹ́. Ní oṣù Kẹta, wọ́n yí ká láti gbọ́ tẹnu aráàlú. Nígbà tó kan ìhà tiwa, tí wọ́n jókòó l'Ékòó, NLC, ẹgbẹ́ àpapọ̀ òṣìṣẹ́ Nàìjíríà, ẹ̀ka ìwọ̀-oòrùn gúúsù, ní àwọn fẹ́ ₦794,000. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá tí NLC àti TUC, ẹgbẹ́ àpapọ̀ òṣìṣẹ́ kejì, lápapọ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ₦615,000, wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Ẹ dúró ná. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Joe Ajaero tó jẹ́ ààrẹ NLC tú owó yẹn palẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, mo sì mú bírò, mo kọ ọ́ sẹ́yìn káléńdà. Bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́rin. Oúnjẹ ₦9,000 lójúmọ́ fún àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìyẹn ₦270,000 lóṣù. Owó ọkọ̀ ₦110,000. Ìtọ́jú àìsàn ₦50,000, ẹ̀kọ́ ọmọ ₦50,000. Ilé ₦40,000. Gáàsì àti kẹrosíìnì ₦35,000. Iná ọba ₦20,000, aṣọ ₦20,000. Omi àti irú rẹ̀ ₦10,000, ìmọ́tótó ₦10,000. Mo rò ó pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó pé. Ẹ wá wo ohun tí kò sí níbẹ̀. Aṣọ ẹbí kò sí níbẹ̀. Owó ìsìnkú bàbá ọ̀rẹ́ yín kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí ìyá yín nílé, àti èyí tí ẹ ń fi sínú àpò ọrẹ. Yorùbá wo ló ń gbé oṣù kan láìnáwó òde? Ìwé ẹni tó ń ṣún owó ná ni wọ́n kà lórí tẹlifíṣọ̀n yẹn, àwa la pè é ní àsọdùn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọjà nínà bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti ra aṣọ ní Gbági rí yóò mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún, ìjọba ní ₦48,000 lòun lè san. Àwọn agbanisíṣẹ́ aládàáni ní ₦54,000. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa: àwọn oníléeṣẹ́, tí à ń sọ pé ahun ni wọ́n, ló dá owó ju ìjọba lọ. Àwọn aṣojú òṣìṣẹ́ dìde, wọ́n jáde. Ní Gbági, oníbàárà ló máa ń dìde. Ní tiwa, ọlọ́jà ló dìde, torí agbára apá wa la gbé wá sọ́jà. Ẹ mọ irú ìjáde bẹ́ẹ̀. Èèyàn á rọra máa rìn, etí rẹ̀ á wà lẹ́yìn. Wọ́n pè wọ́n padà. Ìjọba di ₦54,000, ó di ₦57,000, ó di ₦60,000. Òṣìṣẹ́ bọ́ sí ₦497,000, ó tún bọ́ sí ₦494,000. Bí wọ́n bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, à bá ṣì wà lórí rẹ̀ títí di ìsinsìnyí.

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà, ẹgbẹ́ ti ilẹ̀kùn. Èmi tí mo ti fẹ̀yìn tì, kí ló gbé mi débẹ̀? Ẹsẹ̀ ló gbé mi lọ. Aago méje àárọ̀ ni mo dé iwájú ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi ń so kẹ̀kẹ́ alùpùpù ni wọ́n fi so géètì, ewé igi máńgòrò kan sì wà lára rẹ̀. Ọlọ́dẹ gbé àga rẹ̀ síta, ó ń gbọ́ rédíò. Akọ̀wé kan tó jẹ́ ọmọdé dé pẹ̀lú fúláàsì oúnjẹ lọ́wọ́, ó ní òun ò gbọ́. Ọlọ́dẹ ní, "Ẹ padà sílé, ẹ lọ jẹ ẹ́ níbẹ̀." Obìnrin tó ń dín àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, èmi àti ẹ̀ náà ti mọra tipẹ́. Agbada ẹ̀ ń hó, kò sẹ́ni tó ń rà. Ó wò mí, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ̀ ń jà, èmi ni mi ò tà." Mo ra àkàrà igba náírà, mo jókòó tì í. Ó bi mí pé ọmọ òun obìnrin tó ń gbálẹ̀ nílé ìwé aládàáni kan, ṣé owó tuntun yìí á kan òun náà? Mo ní, "Á kàn án, òfin ni." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìdáhùn mi yẹn sọ́kàn.

Iná ti lọ láti òru mọ́jú ọjọ́ yẹn. Ilé iṣẹ́ tó ń gbé iná káàkiri Nàìjíríà, TCN, sọ pé ní nǹkan bí aago méjì òru kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti kú, lẹ́yìn tí wọ́n lé àwọn òṣìṣẹ́ kúrò nídìí ẹ̀rọ. Pápákọ̀ òfurufú tì. Àwọn kan nínú yín ń pàtẹ́wọ́, mo rí yín. Mi ò bá yín pàtẹ́wọ́ síyẹn. Ẹni tí ẹ̀rọ ń bá mí lọ́sibítù kọ́ ló ni ìjà yìí, ọmọ mẹ̀kúnnù sì lòun náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́: àárín wákàtí díẹ̀ tí iná fi kú yẹn ni ìjọba fi sáré pe ìpàdé. Ní ọjọ́ 4, wọ́n dá ìyanṣẹ́lódì dúró fún ìgbà díẹ̀, Ààrẹ sì buwọ́ lù ú pé iye tí wọn yóò san á ju ₦60,000 lọ.

Ó wá di ₦62,000 lọ́dọ̀ ìjọba, ₦250,000 lọ́dọ̀ òṣìṣẹ́. Àwọn gómìnà sì ti pariwo pé ₦60,000 gan-an kò ṣeé san, pé bí wọ́n bá san án, owó ò ní kù fún nǹkan mìíràn. A ó padà sọ́rọ̀ àwọn gómìnà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Keje, Ààrẹ àti àwọn aṣáájú òṣìṣẹ́ jókòó, wọ́n fẹnu kò sí ₦70,000. Àwọn aṣòfin gbà á wọlé ní ọjọ́ 23, Ààrẹ fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 29. Ìjà tó gba oṣù mẹ́fà lórí tábìlì, ọjọ́ mọ́kànlá ló fi di òfin.

Ibi tí mo fẹ́ dúró sí gan-an la dé yìí, torí gbogbo ìwé ìròyìn ló gbé ₦70,000 sójú ewé kìíní, tí wọ́n wá ti ẹ̀ka kejì òfin náà sísàlẹ̀ bí ẹni ti ìrù ẹja sábẹ́ àwo. Ẹ̀ka kejì náà ni pé wọn kò ní dúró fún ọdún márùn-ún mọ́. Ọdún mẹ́ta ni.

Bàbá mi wa katakata nílé iṣẹ́ tó ń ṣe títì. Ní oṣù Karùn-ún 1981, nígbà tí Hassan Sunmonu jẹ́ ààrẹ NLC, wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà. ₦300 ni wọ́n béèrè, ₦125 ni wọ́n rí gbà. Mo rántí bí bàbá mi ṣe bínú. Ṣùgbọ́n náírà kan ju dọ́là kan lọ nígbà náà, ó sì ra kẹ̀kẹ́ Raleigh ká tó ṣọdún. Ẹ jẹ́ ká fò wá sí 2000, nígbà tí ₦5,500 àti ₦7,500 dé. Ọdún mọ́kànlá kọjá ká tó rí ₦18,000 ní 2011. Ọdún mẹ́jọ tún kọjá ká tó rí ₦30,000. Ọdún márùn-ún, ₦70,000. Èyí tó ń bọ̀, ọdún mẹ́ta. Ẹ tún un kà: mọ́kànlá, mẹ́jọ, márùn-ún, mẹ́ta. Iye owó náà kò dára; àkókò tó wà láàárín ló ń kúrú.

Èmi ni akọ̀wé ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa fún púpọ̀ nínú ọdún mẹ́jọ yẹn, láti 2011 sí 2019. Ohun tí mo rí ni pé owó jókòó, gáàrí ń rìn. Lọ́dọọdún làwọn èèyàn ń bi mí pé, "Akọ̀wé, ìgbà wo?" Mi ò ní ọjọ́ kankan tí mo lè dá fún wọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Iléeṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ sọ pé ní oṣù Kẹfà 2024, oṣù tí a daṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀wọ́n ọjà fi ìdá 34.19 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ọdún tó kọjá lọ. Ti oúnjẹ nìkan jẹ́ 40.87. Ká ní ó dúró lórí 34, kò lọ sókè, kò wálẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, ₦70,000 yín kò ní ra ju ohun tí ₦52,000 ń rà lónìí. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ohun tí ₦29,000 ń rà. Lẹ́yìn márùn-ún, ₦16,000. Bí wọ́n bá fi wá sílẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ bíi ti tẹ́lẹ̀, kò ní tó ₦7,000. Níbi ọdún mẹ́ta, a ti jábọ́ padà sí ₦30,000 tí a ti kúrò; níbi mẹ́jọ, a ti wọ ilẹ̀. Ẹni tó ń ti ìrù ẹja sábẹ́ àwo, ẹ bá mi sọ fún un pé ibẹ̀ ni ẹran wà.

Èrò yìí kì í ṣe tuntun. Ní oṣù Kẹfà 1945, lẹ́yìn tí ogun Hitler ti sọ ọjà di iná, àwọn òṣìṣẹ́ réluwé, ti pósítì àti ti PWD, ẹ̀ka ìjọba tó ń ṣe títì àti ilé, daṣẹ́ sílẹ̀, ó lé ní ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún èèyàn, ó sì kọjá oṣù kan. Michael Imoudu, ọmọ Ọ̀rà, tí ìjọba òyìnbó ti lé lọ sí Auchi lọ́dún 1943 torí wàhálà òṣìṣẹ́, ni wọ́n ń kókìkí rẹ̀. Kóólà ni wọ́n ń pe ohun tí wọ́n ń béèrè, ìyẹn owó àfikún tó bá ọ̀wọ́n ọjà mu. Àwọn ìyálọ́jà Èkó ń tajà láwìn fún ìyàwó àwọn tó daṣẹ́ sílẹ̀, torí wọ́n mọ̀ pé owó tó bá wọ àpò òṣìṣẹ́, inú agbọ̀n àwọn ló ń bọ̀. Ìgbìmọ̀ Tudor Davies ló gbọ́ ẹjọ́ náà, wọ́n sì fi ìdajì kún kóólà wọn. Ọdún mẹ́ta tó wọ òfin yìí, ọmọ-ọmọ kóólà ni.

Ọ̀rọ̀ àwọn gómìnà. Àwọn tó ní ₦60,000 yóò pa àwọn, nígbà tí oṣù Kẹwàá dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í figagbága. Èkó kéde ₦85,000. Ògùn ₦77,000. Oǹdó ₦73,000. Èkìtì dúró lórí ₦70,000. Ọ̀ṣun dé ₦75,000, Ọ̀yọ́ tiwa ₦80,000. Mi ò mọ ibi tí owó náà wà nígbà tí wọ́n ń sunkún. Ẹ má sì jẹ́ kí ìkéde tàn yín. Ìkéde ń ṣojú kámẹ́rà, pésílípù ló ń ṣojú yín. NLC ní láti fún àwọn ìpínlẹ̀ tó ń fà sẹ́yìn ní gbèdéke títí di ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ìpele òkè náà ti rí i pé ₦30,000 tó di ₦70,000 kò sọ owó tiyín di ìlọ́po méjì. Àfikún tiyín, àdéhùn lọ́tọ̀ ni. Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí ti ìjọba àpapọ̀.

Àwọn ìjà mìíràn wà tí mo máa mẹ́nu bà kíá. Ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ yunifásítì tí kì í ṣe olùkọ́, NASU àti SSANU, jà fún owó oṣù mẹ́rin tí ìjọba dì mú láti ìgbà ìyanṣẹ́lódì 2022, wọ́n sì tún ti ilẹ̀kùn ní ìparí oṣù Kẹwàá. Ní oṣù Kẹjọ, àwọn agbófinró ya wọ olú ilé NLC l'Ábújá lóru. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án, ọtẹlẹ̀múyẹ́ mú Ajaero ní pápákọ̀ òfurufú, nígbà tó ń lọ síbi àpérò ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Òru ọjọ́ náà ni wọ́n tú u sílẹ̀. Mi ò gba ti Ajaero lórí ohun gbogbo, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í mú ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dùn wọ́n.

Ibi tí mo ti bá a wí ni ti epo. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án, kí ọ̀pọ̀ tó gba ₦70,000 rí, jálá epo kan ní ilé epo ìjọba l'Ékòó fò láti ₦568 lọ sí ₦855. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, ó di ₦998. Ajaero figbe ta pé wọ́n ti da àwọn: ó ní wọ́n fi méjì lọ àwọn, ₦250,000 pẹ̀lú epo ọ̀wọ́n tàbí ₦70,000 pẹ̀lú epo bó ṣe wà, pé ìkejì làwọn mú nítorí aráàlú. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ ka òfin náà, ẹ ò ní rí epo níbẹ̀. ₦70,000 wà níbẹ̀, ọdún mẹ́ta wà níbẹ̀, torí ẹnìkan kọ wọ́n. Èmi tí mo ti jẹ́ akọ̀wé mọ̀ pé ohun tí a ò kọ sínú mínítì, alága tuntun á ní kò ṣẹlẹ̀.

Ẹ ó rántí pé mo ní kí ẹ fi ìdáhùn kan sọ́kàn. Nígbà tí òfin jáde, mo jókòó kà á, mo sì rí ibi tí mo ti ṣì í sọ. Òfin náà kò kan ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Kò kan ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àbọ̀ ọjọ́, kò kan ẹni tí wọ́n ń san owó fún lórí iye tó bá tà, kò kan iṣẹ́ oko tí wọ́n ń ṣe lásìkò. Bẹ́ẹ̀ náà ló wà nínú ti 2019. Ẹ wo àdúgbò yín, ẹ ka ṣọ́ọ̀bù, kẹ́mísìtì, ilé ìwé aládàáni, ibi tí wọ́n ti ń tún mótò ṣe. Mélòó ló ní èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n? A ti iná pa fún wọn, a lé wọn kúrò lẹ́nu ọjà fún ọjọ́ kan, a wá gba owó tí kò kàn wọ́n.

Mo padà lọ sí géètì yẹn. Ó wúwo lẹ́sẹ̀ mi, mo ń parọ́ fún ara mi pé àkàrà ni mo fẹ́ rà. Mo sọ fún alákàrà náà pé ohun tí mo sọ lọ́jọ́sí kò rí bẹ́ẹ̀, pé òfin ní ó dìgbà tí wọ́n bá pé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Mo bi í pé mélòó ni wọ́n nílé ìwé náà. Ó dá ṣíbí rẹ̀ dúró sínú epo, ó ń fi ìka ọwọ́ kejì ka àwọn olùkọ́, ó ka awakọ̀, ó ka ọlọ́dẹ, ó ka ọmọ rẹ̀ kẹ́yìn. Ó ní wọ́n jẹ́ mọ́kàndínlógún.

Ó yí àkàrà padà. Ó ní, "Ó ku mẹ́fà nìyẹn, bọ̀dá."